Funfun tó wà lábẹ́ ìdérí ọ́ìlì

Kí ẹlòmíì tó bá mi tú àṣírí, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́: èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé onílé ká nítorí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tí mo ti kọ́ṣẹ́ ní Ifo ni. Ọ̀gá wa ti jáde lọ ra nǹkan. Ọkùnrin kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá, ó ní ó ń gbóná lódìlódì. Ó yẹ kí n ní kó jókòó de ọ̀gá, ṣùgbọ́n ojú ń kán mi láti di mẹkáníìkì. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo fa géèjì yọ, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wo bí ọ́ìlì ṣe kù sí nínú ẹ́ńjìnì. Nǹkan dúdú ni mò ń retí. Nǹkan funfun ló lẹ̀ mọ́ irin náà, ó ki, ó ń yọ̀ lọ́wọ́.

Mo wo ọkùnrin náà lójú, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹnì kan ti da ògì sínú ẹ́ńjìnì yín."

"Ògì?"

"Ògì pọ́ńbélé. Ẹ wò ó fúnra yín."

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ògì ni ìyàwó ọkùnrin yìí ń tà, àti pé tọkọtaya náà ti jà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọkùnrin náà yí padà, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ burúkú. Kò pẹ́ rárá tí ìyàwó fi dé sí ṣọ́ọ̀bù wa, asẹ́ ògì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn aṣọ tó fi ń sẹ́ ẹ, omi ń kán sílẹ̀ láti ara rẹ̀.

"Ta ni mẹkáníìkì tó mọ ògì ju èmi tí mò ń sẹ́ ẹ lọ?"

Mo ti wà lẹ́yìn táyà nígbà yẹn. Obìnrin náà fa géèjì yọ fúnra rẹ̀, ó gbé e sí imú. "Ẹ wá gbóòórùn ẹ̀! Ṣé báyìí ni ògì ń rùn? Ògì tèmi a máa kan! Ta ló ń ba ọjà mi jẹ́?"

Ọ̀gá mi dé bá ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ọ̀nà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin yẹn lórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì wà, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀. Ó tẹ̀ lé e délé, ó bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó pẹ̀tù sí i. Nígbà tó padà, kò nà mí. Ó kàn pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, èmi ni n ó máa ra ògì tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń mu láàárọ̀, ọwọ́ obìnrin náà ni n ó sì ti máa rà á, "kí o lè mọ ìyàtọ̀."

Mo mọ ìyàtọ̀. Gbogbo àárọ̀ ni obìnrin náà ń bi mí pé, "Mẹkáníìkì, ṣé kí n bu ti ẹ́ńjìnì pẹ̀lú?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ ó kọ́ ni mò ń kọ èyí sí. Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí ò gùn. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, ìwé ò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ mí lórí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà ní Ifo, ó mú mi lọ bá Ọ̀gá Músílíù. Ó parí. Ohun tí wọ́n ń fún mi nígbà yẹn kò tó ohun tí à ń sọ lójú ọmọ ènìyàn, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Ọ̀gá Músílíù ni ká sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ọkùnrin gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í pariwo. Lọ́jọ́ Jímọ̀, aṣọ funfun ló ń wọ̀ wá síṣẹ́, nítorí láti ṣọ́ọ̀bù ló ti ń gba mọ́ṣáláṣí lọ. Yóò wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun yẹn, yóò tú nǹkan, yóò dè é padà, yóò sì jáde bó ṣe wọlé. Àwa ọmọṣẹ́ a máa yí i ká tá a máa wá àbàwọ́n kiri. A ò rí i rí. Èmi tí mo jókòó sórí àga lásán, ọ́ìlì ti dé etí mi. Ó ní, "Ọ́ìlì kì í ta sí ẹni tó mọ ibi tó máa gbà jáde."

Ó le. Kò gbà kí ọmọṣẹ́ mú sípánà títí tí onítọ̀hún yóò fi béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọlọ́kọ̀. Bí ìdílé ṣe ń ṣe ìwádìí kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ ló ṣe ń ṣe ìwádìí ọkọ̀. Níbo lo ń gbé e lọ lójoojúmọ́? Ṣé ọ̀nà jíjìn ni àbí àdúgbò? Omi tí o bù sí rédíétọ̀, ìgbà wo lo bù ú kẹ́yìn, ṣé ó sì ń dínkù? Ta ló tọwọ́ bọ̀ ọ́ kẹ́yìn, kí ló yọ, kí ló fi sí i? Bí o bá sáré mú sípánà kó o tó béèrè, yóò rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ, yóò sì ní kó o lọ jókòó sórí táyà. Èmi mọ gbogbo táyà inú ṣọ́ọ̀bù yẹn bí ẹni mọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Òun ló kọ́ mi pé ohun tí mo pè ní ògì, omi ni. Omi tó ń mú ẹ́ńjìnì tutù ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, ọ́ìlì náà ní tirẹ̀, wọn kì í pàdé. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnì àti ara rẹ̀ ló ń là wọ́n níjà. Bí ẹ́ńjìnì bá gbóná kọjá ààlà, gásíkẹ́ẹ̀tì yẹn lè jó, tàbí kí orí ẹ́ńjìnì sán. Omi á wá yọ́ wọ inú ọ́ìlì, ẹ́ńjìnì á lù wọ́n pọ̀ bí ẹni lu ẹyin, á sì di funfun. Ọ́ìlì tí omi wà nínú rẹ̀ kò lè gbé irin lórí irin mọ́. Irin á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin.

Ṣùgbọ́n Ọ̀gá kì í tìtorí pé ó rí funfun kó sọ pé gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Ó ní àwọn àdánwò tirẹ̀. Yóò ní kí ọkọ̀ sùn mọ́jú, kí ẹnikẹ́ni má tan án. Omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, bó bá pọ̀, á sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Láàárọ̀, yóò wọ abẹ́ ọkọ̀, yóò tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì díẹ̀díẹ̀, kò ní yọ ọ́ tán, yóò sì dúró wo ohun tó máa kọ́kọ́ jáde. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n. Bí omi bá ṣáájú ọ́ìlì, ẹjọ́ ti parí. Bí kò bá dá a lójú síbẹ̀, yóò gbé irin pẹlẹbẹ kaná, yóò kán ọ́ìlì láti ara géèjì sí i. Ọ́ìlì tó mọ́ á kàn tàn, á máa yọ èéfín. Èyí tí omi bá wà nínú rẹ̀ á ta pàrà-pàrà bí ẹ̀wà tí wọ́n ń yan. Àwa á ká ọwọ́ gbera, à ń tẹ́tí. Ọ̀gá ni kò ní wo irin yẹn, etí lásán ló ń lò. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí nǹkan ta nínú epo gbígbóná, àní bó jẹ́ dòdò, ọkàn mi á lọ sí Ifo.

Ẹ wá gbọ́ bí ẹ̀rù ṣe wọ inú mi.

Awakọ̀ kan wà tó ń kó èrò láti Ifo lọ sí Owódé Ẹ̀gbá, ọkọ̀ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, òun ló sì fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ọjọ́ kan ọkọ̀ yẹn dé ọ̀dọ̀ wa, ọ́ìlì rẹ̀ funfun. Ọ̀gá ṣe gbogbo àdánwò rẹ̀: omi ló kọ́kọ́ jáde, irin ta pàrà-pàrà. Ó ní, "Má tan ọkọ̀ yìí mọ́. A ó ṣí orí ẹ̀."

Awakọ̀ ní kò sí àyè, ọjọ́ ọjà ni. Ó ní kí wọ́n kàn bá òun pààrọ̀ ọ́ìlì. Ọ̀gá kọ̀. Awakọ̀ bínú, ó gbé e lọ sí ibòmíì, wọ́n da ọ́ìlì tuntun sí i, ó sì gba iwájú ṣọ́ọ̀bù wa kọjá, ó ń fọn fèrè: "Músílíù! Ṣé ó ti kú báyìí?"

Èmi náà ńkọ́? Mo ń lọ sí Owódé lọ́jọ́ náà láti lọ kí ẹbí mi kan. Mo mọ ohun tó wà nínú ẹ́ńjìnì yẹn. Ojú mi ló ṣe. Ṣùgbọ́n awakọ̀ ní kí n wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀fẹ́ sì dùn. Mo jókòó síwájú.

A ò tíì rìn jìnnà tí iná pupa fi tàn níwájú awakọ̀. Kò wò ó. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ọ: kọ́, kọ́, kọ́, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn láti inú ẹ́ńjìnì, tó fẹ́ jáde. A ń gun òkè, tírélà olókùúta kan sì wà lẹ́yìn wa. Mo ké pe Ọlọ́run ní gbogbo orúkọ tí mo mọ̀, ti mùsùlùmí àti ti onígbàgbọ́. Nígbà tí ohùn yẹn di gbàgà, tí èéfín bo gíláàsì, mo ṣílẹ̀kùn kí ọkọ̀ tó dúró, mo bẹ́. Ilẹ̀kùn sì há ẹ̀wù mi mọ́. Mo sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ yẹn bí ajá tí wọ́n so mọ́ kẹ̀kẹ́, àwọn èrò ẹ̀yìn ń kígbe "Yéè!", títí ọkọ̀ fi dúró fúnra rẹ̀. Tírélà yà fún wa, awakọ̀ rẹ̀ bú wa, ó lọ.

Ẹnikẹ́ni ò ṣèṣe. Ṣùgbọ́n irin inú ẹ́ńjìnì ti ṣẹ́, ó ti gún ara ẹ́ńjìnì jáde síta. Ìyẹn ni àwa mẹkáníìkì ń pè ní kí ẹ́ńjìnì nọ́ọ̀kì. Mo rí ihò náà. Awakọ̀ jókòó sí etí títì, ó ṣí fìlà, ó ń wo ihò yẹn. Kò ní ọkọ̀ tirẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ló wà títí ó fi darúgbó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé irin lásán ni ẹ́ńjìnì. Oúnjẹ ẹlòmíì ló ń yí nínú ẹ̀.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Lẹ́yìn tí mo gba fíríídọ̀mù, mo kó wá sí Ibafo, lẹ́bàá títì márosẹ̀, ìgbà tí àwọn ará Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́lé síbẹ̀ tí iṣẹ́ sì ń wọlé. Bí mo bá rí ohunkóhun tó jọ funfun nínú ọ́ìlì, ohùn kọ́-kọ́-kọ́ yẹn ni mo máa ń gbọ́. Àdánwò tí Ọ̀gá kọ́ mi, mi ò ní sùúrù fún un mọ́. Mo máa ń ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣí i." Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ mí ní Ọ̀gá Tú-u-kí-n-wò. Wọn ò parọ́. Mo ṣí orí ẹ́ńjìnì tó jó, mo sì ṣí àwọn tí kò jó. Bí mo bá ṣí èyí tí kò jó, n ó bojú wo gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dáadáa, n ó sọ fún ọlọ́kọ̀ pé, "Ó ti fẹ́ẹ́ jó ni. Ọlọ́run ló yọ yín."

Inú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ibafo ni Rískátù ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Bàbá rẹ̀, kápẹ́ńtà kan láti ìhà Ọ̀ṣun tó ń gbé yàrá ní Mowe, ló mú un wá. Àwọn ọkùnrin àdúgbò rẹ́rìn-ín títí. Ẹnì kan ní, "Ọ̀gá Láyí, ṣé ìránṣọ lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni?" Rískátù yíjú sí i, ó ní, "Ẹ gbé ṣòkòtò yín wá, bọ̀ọ̀dá, mo rí i pé ìdí ẹ̀ ti ya." Lóòótọ́ ni ó sì ya.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ gùn: ọmọ yẹn dára jù mí lọ. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Mo mú un lọ kí Ọ̀gá Músílíù lẹ́ẹ̀kan ní Ifo, bàbá yẹn sì jókòó tì í ní gbogbo ọ̀sán, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti ìdálẹ̀ dé. Nígbà tí a padà, Rískátù ti ń ṣe ìwádìí ọkọ̀ bíi ti Ọ̀gá. Mo ro nínú mi pé àwọn nǹkan kan wà tó máa ń fo ìran kan kó tó ran òmíràn. Èmi ni ìran tí wọ́n fò.

Irinṣẹ́ náà ti yí padà. Nígbà tiwa, etí, imú àti ìka ni. Nísinsìnyí, wọ́n á ki ẹ̀rọ kékeré kan bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ á sì máa ka ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní omi aláwọ̀ búlúù kan tí wọ́n ń gbé lé ẹnu rédíétọ̀. Bí èéfín ẹ́ńjìnì bá ń yọ́ wọ inú omi, á yí padà sí yẹ́lò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Rískátù lò ó lójú mi, mo ní kó tún un ṣe kí n wò ó, bí ọmọdé tó rí idán. Ẹ kọ́ gbogbo rẹ̀, ẹ̀yin ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn ò mọ bí omi bá wà nínú ọ́ìlì. Ẹnì kan ṣì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Rískátù ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Mowe. Ìgbà tí orúnkún mi ò gbà mí láyè láti wọ abẹ́ ọkọ̀ mọ́, mo pa tèmi dé. Ó gbé àga kan sábẹ́ igi fún mi, pé kí n máa wá jókòó. Ibẹ̀ ni mo wà lọ́jọ́ tí Ìyá Tóbi dé.

Ìyá Tóbi jẹ́ oníbàárà mi láti Ibafo. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Bọ́ọ̀sì kékeré kan ló ní, òun ló sì fi ń tọ́ ọmọ rẹ̀: ó máa ń kó àwọn ọmọ àdúgbò láti Ibafo lọ sí ilé-ìwé wọn ní Mowe, á sì kó wọn padà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ilé-ìwé máa wọlé. Mẹkáníìkì kan tó wà nítòsí ilé rẹ̀ ti wo ìdérí ọ́ìlì, ó rí funfun, ó sì sọ fún un pé ẹ́ńjìnì ti lọ. Ọkùnrin tó ń ra ọkọ̀ tó ti kú fún irin títà ti tẹ̀ lé e dé ṣọ́ọ̀bù, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi bàtà ta táyà.

"Bàbá Láyí, ẹ̀yin lẹ mọ ọkọ̀ yìí," ni Ìyá Tóbi sọ. Ó kúnlẹ̀. "Mo ti gbàdúrà sí i. Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé kí n tà á ni?"

Rískátù tú ìdérí ọ́ìlì. Funfun ni abẹ́ rẹ̀, ó ki bíi bọ́tà.

"Tú u," ni mo sọ.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè."

"Àyè kí ni? Ọmọ ọlọ́mọ ló ń gbé! Tó bá nọ́ọ̀kì lórí títì márosẹ̀ ńkọ́, pẹ̀lú àwọn tírélà yẹn?"

"Tí ẹ bá tú u, iṣẹ́ ẹ̀ ò ní parí kí ilé-ìwé tó wọlé," ni Ìyá Tóbi fèsì. "Àwọn òbí á wá ẹlòmíì. Wọn ò ní padà sọ́dọ̀ mi."

Ẹni tó ń ra irin wúkọ́. "Mọ́mì, èmi ò ní padà wá lọ́la o."

Rískátù bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì náà. Ó fa géèjì yọ. Ọ́ìlì ara rẹ̀ dúdú, kò sí funfun kankan. Ó wo inú rédíétọ̀: omi mọ́, kò sí ọ́ìlì tó léfòó lórí rẹ̀. Ó gbé omi búlúù lé ẹnu rédíétọ̀, ó tan ẹ́ńjìnì. Búlúù ló wà. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó ti Ìyá Tóbi, ó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

"Mọ́mì, ilé-ìwé nìkan lẹ máa ń gbé e lọ?"

"Àti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀bá ilé wa ni. Tẹ́lẹ̀ mo máa ń kó èrò lọ sí Abẹ́òkúta. Mo ti fi ìyẹn sílẹ̀ láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀."

"Ṣé ẹ máa ń bu omi sí i?"

"Kì í dínkù. Èmi gan-an fi ọ̀dà èékánná sàmì sí ara ike omi rédíétọ̀ yẹn."

Rískátù lọ wò ó. Omi wà lójú àmì pupa yẹn gan-an. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, kò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, tẹmósítáàtì ọkọ̀ yìí ńkọ́?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé tẹmósítáàtì fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀kùn kékeré kan ni, ó wà lójú ọ̀nà omi. Bí ẹ́ńjìnì bá ṣì tutù, á pa ọ̀nà dé kí ó lè tètè gbóná dé ibi tó yẹ. Bó bá gbóná tán, á ṣí. Ní ilẹ̀ wa níbí, gbogbo mẹkáníìkì ìgbà tiwa ló máa ń yọ ọ́ sọnù. A ní òyìnbó ló ṣe é fún ilẹ̀ tútù, kí ló kan oòrùn wa? A gbà pé ọkọ̀ tí kò ní in kò lè gbóná jù láé. Ọlọ́kọ̀ á dúpẹ́, àwa náà á gberaga.

"Èmi ni mo yọ ọ́," ni mo dáhùn. "Ọ̀sẹ̀ tó rà á."

Rískátù ní, "Nígbà tó ń lọ sí Abẹ́òkúta, ọ̀nà jìn, ó pàpà máa ń gbóná. Nísinsìnyí, kò tíì móoru tó fi ń dé ilé-ìwé. Òjò ń rọ̀, atẹ́gùn kún fún omi. Ọ̀rinrin tó ń gbára jọ nínú ẹ́ńjìnì ò rí ooru tó máa lé e jáde. Abẹ́ ìdérí ló ń lẹ̀ mọ́, bí òógùn abẹ́ ìdérí ìkòkò. Omi rédíétọ̀ kọ́ ni."

Ó bọ́gbọ́n mu. Orí mi gbà á. Ọkàn mi ni kò gbà. Mo ní, "Tó o bá ṣì í ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú síbí, Ọ̀gá. Láàárọ̀, ẹ ó fojú yín rí ohun tó kọ́kọ́ jáde."

Láàárọ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó rọra tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn mí, mo ń wò ó. Ọ́ìlì dúdú ló jáde. Omi kankan ò ṣáájú. Ó kán an sórí irin gbígbóná, irin dákẹ́. Síbẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Rískátù pààrọ̀ ọ́ìlì, ó nu ìdérí, ó ra tẹmósítáàtì tuntun, ó sì fi í sí ààyè tí mo ti yọ ọ́. Ẹni tó ń ra irin ti padà wá o, bó tilẹ̀ ní òun ò ní wá.

Ìyá Tóbi dúró láàárín wa. Ó wo Rískátù, ó wò mí. "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ mọ̀. Ọ̀kan ní kí n máa lọ, èkejì ń gbọ̀n. Ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń gbé. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?"

N kò lè sọ pé kó gbọ́ ti Rískátù. Ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ló tọ̀nà, mo sì mọ̀ pé ó tọ̀nà, ṣùgbọ́n ihò ara ẹ́ńjìnì ọjọ́sí ò kúrò lójú mi. Rískátù rí mi. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn ní, "Ọ̀gá, ṣebí ọkọ̀ yìí nílò ìrìn tó jìn díẹ̀ kó lè gbóná dáadáa. Ẹ jẹ́ ká lọ kí Bàbá ní Ifo."

A wọ bọ́ọ̀sì, àwa mẹ́ta. Ìyá Tóbi ló wà á. Èmi jókòó síwájú, mo di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú láti Mowe. Ní gbogbo òkè tí a gùn, mò ń tẹ́tí sílẹ̀ fún kọ́-kọ́-kọ́. Rískátù na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, ó fà mí léjìká. "Ọ̀gá, bí ẹ bá fẹ́ bẹ́, ẹ kọ́kọ́ bọ́ ẹ̀wù." Ìyá Tóbi ò mọ ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá Músílíù jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ funfun. A kí i, èmi dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé. Ó ní kí wọ́n má tíì pa ẹ́ńjìnì. Ó dìde, ó fi ọwọ́ lé èjìká Rískátù, ó rìn dé ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì náà, ó dúró, ó tẹ́tí. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n sì tú ìdérí ọ́ìlì fún òun. Ó fi àtàǹpàkò nu abẹ́ rẹ̀, ọ́ìlì dúdú nìkan ló bá a jáde, ó fi ìka méjì ra á, ó gbé e sí imú. Ó béèrè lọ́wọ́ Ìyá Tóbi ibi tó ń gbé e lọ lójoojúmọ́. Ó béèrè lọ́wọ́ Rískátù ohun tó kọ́kọ́ jáde láàárọ̀. Kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ mi mú, ó sì rí i pé ó ń gbọ̀n.

"Bàbá," ni Ìyá Tóbi sọ, "ṣé kí n tà á?"

Ọ̀gá Músílíù ò tíì fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó ní, "Má tà á, ọmọ mi. Máa gbé àwọn ọmọ rẹ lọ. Ohun tí Rískátù sọ ni kó o ṣe. Omi ò sí nínú ẹ́ńjìnì yìí. Ẹ̀rù ló wà nínú Láyí, ẹ̀rù tirẹ̀ ò sì lè nọ́ọ̀kì ẹ́ńjìnì ẹlòmíì."